Ṣé kí n kó gbèsè ara mi sórí káàdì bísínẹ́ẹ̀sì? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Atlanta ni mò ń gbé, oúnjẹ òde ni mò ń sè, mo sì ti forúkọ LLC (iléeṣẹ́ tí òfin kà sí ọ̀tọ̀ sí ẹni tó ni ín) sílẹ̀ fún un. Gbèsè orí krẹ́díìtì káàdì ti ara mi ti di $9,000, owó ọsibítù àti tíkẹ́ẹ̀tì tá a fi lọ sin bàbá ọkọ mi ló pọ̀ jù níbẹ̀, èlé ẹ̀ 27% lọ́dún, gbogbo owó tí mò ń san lóṣooṣù èlé ló ń jẹ ẹ́. Báǹkì míì wá kọ̀wé sí mi pé àwọn á fún mi ní káàdì bísínẹ́ẹ̀sì, gbèsè tí mo bá kó wá síbẹ̀ wọn ò ní gba èlé lórí ẹ̀ fún oṣù 12, 4% péré ni wọ́n máa yọ. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n tètè ṣe é, pé krẹ́díìtì skọ́ọ̀ mi, ìyẹn máàkì tí báǹkì fi ń mọ̀ bóyá èèyàn ń san gbèsè dáadáa, á tún gòkè. Ọkọ mi ní rárá, owó ọjà ò gbọdọ̀ wọnú owó ilé. Ta ló ti ṣe é rí? Ẹ má bú mi o.

Ọmọ Ìbàdàn: Ọ̀rẹ́ yín ò parọ́ Àǹtí mi. Ọ̀pọ̀ báǹkì kì í ròyìn káàdì bísínẹ́ẹ̀sì fún Equifax àtàwọn iléeṣẹ́ yòókù tó ń kọ àkọsílẹ̀ gbèsè èèyàn tẹ́ ẹ bá ń san dáadáa, torí náà gbèsè yẹn ò ní hàn nínú skọ́ọ̀ yín. Àmọ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fọwọ́ síwèé pé ẹ máa san án, tó bá yíwọ́, ẹ̀yin ni wọ́n máa wá bá, kì í ṣe LLC nìkan.

Bọ̀dá Owó-orí: Ẹ ka ìwé àdéhùn káàdì yẹn, púpọ̀ nínú wọn ló sọ pé iṣẹ́ nìkan ni kẹ́ ẹ fi ṣe, wọ́n lè tì í pa. Ọlọ́pàá ò ní wá gbé yín o, ṣùgbọ́n torí kí ẹni tó bá pe iṣẹ́ yín lẹ́jọ́ má bàa dé orí ilé yín lẹ ṣe ní LLC, tẹ́ ẹ bá wá ń fowó iṣẹ́ san owó ọsibítù, lọ́yà ẹnìkejì á ní ẹ̀yin àti LLC ọ̀kan náà ni, jọ́ọ̀jì sì lè gbà á gbọ́. Ẹ má sì kọ 4% yẹn sábẹ́ ìnáwó iṣẹ́ fún IRS, àwọn agbowó-orí ìjọba.

Ìyá Ìbejì: Òfin CARD Act ti 2009 tí kì í jẹ́ kí báǹkì ṣàdédé gbé èlé gorí gbèsè tẹ́ ẹ ti jẹ, káàdì ara ẹni nìkan ló wà fún. Tí òde bá gbẹ lóṣù kan tẹ́ ẹ pẹ́ san, 0% lè fò lọ. Gbèsè yín pẹ̀lú 4% ẹ̀ jẹ́ $9,360, tẹ́ ẹ bá pín in sí ọ̀nà 12, $780 lóṣooṣù nìyẹn, ṣé ẹ rí i?

Ẹni tó béèrè: $780 kẹ̀! $500 ni mo lè rí o, bóyá ká fi díẹ̀ lé e. Ọkọ mi ti ń fi mí rẹ́rìn-ín níbí.

Ọmọ Ìbàdàn: Káàdì ti ara ẹni náà ń ṣe 0% o, àwọn kan dé oṣù 18, tí wọ́n bá gba 4% náà, $520 lóṣooṣù nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ ṣe prequalify lórí wẹ́ẹ̀bù wọn, kẹ́ ẹ fi wò ó bóyá wọ́n á fún yín kẹ́ ẹ tó kọ̀wé béèrè, ìyẹn kì í ba skọ́ọ̀ jẹ́. Kó má ṣe jẹ́ báǹkì tẹ́ ẹ jẹ ní gbèsè yẹn, wọn kì í gbé gbèsè ara wọn. Ẹ sì máa san ti àtijọ́ lọ títí ẹ máa fi rí i pé owó ti wọlé.