Ṣé wọ́n ti tún àwo Clarice Cliff yìí ṣe ni?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Stoke-on-Trent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń gbé, níbi tí Clarice Cliff, obìnrin tó ń ṣe ọnà sára àwo amọ̀, ti ṣiṣẹ́. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti ń kó àwọn àwo ilé ìdáná tí wọ́n kùn nílé iṣẹ́ rẹ̀ ṣáájú ogun 1939 jọ.

Ní Sátidé, mo rí ìwọ́n-ṣúgà kan (ohun tí wọ́n fi ń wọ́n ṣúgà sórí oúnjẹ) tó ṣe ṣóńṣó, òdòdó Crocus, ọnà rẹ̀ kan tó jáde ní 1928, ló wà lára rẹ̀. 280 pọ́n-ùn ni wọ́n pè é. Òǹtẹ̀ wà nídìí rẹ̀, àmọ́ òǹtẹ̀ nìkan kò tẹ́ mi lọ́rùn, torí ayédèrú wà níta. Àwọn obìnrin tó ń kùn ún máa ń fa òdòdó náà ní ẹyọ-ẹyọ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n á wá dorí àwo kodò láti fa ewé rẹ̀. Ipa búrọ́ọ̀ṣì yẹn ni mo kọ́kọ́ wá, mo sì rí i. Ó dùn mọ́ mi gan-an.

Orí ṣóńṣó rẹ̀ ló ń kọ mí lóminú: ó dán ju ara yòókù lọ. Mo fi ìka kàn án, bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe sí ìkòkò lọ́jà kí wọ́n tó rà á, kò dún gooro.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti fi iná UV (iná aláwọ̀ elése àlùkò tó ń fi ojú àtúnṣe hàn) yẹ irú rẹ̀ wò rí, báwo ni ojú àtúnṣe ṣe máa ń rí? Tó bá jẹ́ pé wọ́n tún un ṣe lóòótọ́, èló ni kí n ná an? Àwọn tó ń tà á ní àwọn á bá mi tọ́jú rẹ̀ di Ọjọ́bọ̀.