Mo fẹ́ fúnra mi pààrọ̀ ojú ihò omi ilẹ̀ balùwẹ̀, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ojú ihò tí omi ń gbà lọ nílẹ̀ balùwẹ̀ wa ti dógùn-ún, etí rẹ̀ ti sán, omi sì ti ń jò sí àjà yàrá ìsàlẹ̀. Páìpù PVC oníínǹṣì 2 ló wà lábẹ́ rẹ̀, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ṣé mo lè ṣí àjà, kí n gé e láti ìsàlẹ̀, kí n má baà fọ́ táìlì? Táìlì yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù, mi ò ní irú rẹ̀ mọ́. Tí mo bá lẹ tuntun tán, wákàtí mélòó ni kí n dúró kí n tó da omi sí i? Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.