Ìbàdí mi fẹ́ já o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n: ta ló mọ ohun tí mo lè ṣe?

Ìyá Mofẹ́, Leeds
Ẹ kú ìdájí o. Ẹ má bínú pé mo ń pariwo ní aago mẹ́rin. Oyún ọ̀sẹ̀ 29 ni. Láti àná, bí mo bá fẹ́ yí ẹ̀gbẹ́ padà lórí bẹ́ẹ̀dì, eegun iwájú abẹ́ á dún "kẹ́", ìrora á gba inú itan lọ sí ẹ̀yìn ìdí. Mi ò lè fi ẹsẹ̀ kan dúró wọ ṣòkòtò. Ìyá ọkọ mi ní kí n máa rìn dáadáa kí ìbí lè rọrùn. Mo rìn, ló bá tún burú sí i. Ṣé ọmọ ò ní fara pa? Ṣé abẹ́ ló ń là ni? Iṣẹ́ care ni mò ń ṣe, mo sì ní shift alẹ́ lọ́la. Ẹ dákun.

Nọ́ọ̀sì Salford
Fọkàn balẹ̀, àbúrò. PGP (pelvic girdle pain) nìyẹn, ìrora oríkèé ìbàdí nínú oyún, SPD ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Nínú aláboyún 5, ó máa ń mú tó ẹnì 1. Kò ní pa ọmọ lára. Àmọ́ kọ́kọ́ dá mi lóhùn: ṣé ẹ̀jẹ̀ ń wá? Ṣé omi ń ro lójú ara? Ṣé ikùn ń le gbagidi, tó ń wá tó ń lọ? Ṣé ìtọ̀ ń ta ọ́, àbí ara gbóná? Ṣé ọmọ ń mira bó ṣe máa ń ṣe? Bí ọ̀kan bá wà níbẹ̀, fi wa sílẹ̀ níbí, pe maternity triage, ẹ̀ka tó ń dá aláboyún lóhùn ní ilé ìwòsàn, nọ́ńbà rẹ̀ wà lára ìwé oyún rẹ. Bí abẹ́ bá kú tipiri, tàbí tí o kò lè mú ìtọ̀ dúró mọ́, A&E, ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn, tààrà ni, má dúró de ilẹ̀ mọ́.

Ìyá Mofẹ́, Leeds
Rárá ni gbogbo rẹ̀, mà. Ọmọ ò tiẹ̀ jẹ́ kí n sùn.

Nọ́ọ̀sì Salford
Ó dáa. Oríkèé 3 ló wà ní ìbàdí, ọ̀kan níwájú, méjì lẹ́yìn. Oyún máa ń mú kí iṣan tó dè wọ́n pọ̀ dẹ̀. Bí wọn ò bá wá rìn pọ̀ mọ́, tí ọ̀kan ń yẹ̀ tí ìkejì gan, ẹyọ kan ló máa ru ẹrù gbogbo wọn, òun náà ló ń ké yẹn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ohun tó bá ya ẹsẹ̀ méjèèjì nípá, tàbí tó gbé gbogbo ara lé ẹsẹ̀ kan, ló máa ń dùn jù.

Fún alẹ́ yìí: fi ẹ̀gbẹ́ sùn, fi ìrọ̀rí sáàárín ẹsẹ̀, kí ìrọ̀rí náà gùn láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀. Orúnkún nìkan ni ọ̀pọ̀ ń gbé lé e, wọ́n á jẹ́ kí ẹsẹ̀ já sísàlẹ̀, ìbàdí á sì wà ní lílọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bí o bá fẹ́ yí, ká orúnkún méjèèjì, fi wọ́n fún ìrọ̀rí náà pọ̀, sún ìdí kì díẹ̀, kí èjìká, ìbàdí àti orúnkún wá yí lẹ́ẹ̀kan náà. Má ṣe fi ẹsẹ̀ kan ṣíwájú.

Ìyá Ìbejì, Peckham
Sátínì ni kó wọ̀ sùn! Ara á máa yọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, kò ní fi agbára yí. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ pé aṣọ ara ni sátínì, kí ti bẹ́ẹ̀dì jẹ́ òwú. Ẹni tó bá fi sátínì lé sátínì, ilẹ̀ ló máa bá ara rẹ̀.

Kó sì jókòó wọ aṣọ o. Ṣòkòtò, pátá, ìbọ̀sẹ̀, bàtà, gbogbo rẹ̀ ni ká jókòó wọ̀. Ẹsẹ̀ tó ń dùn jù ni kó kọ́kọ́ ki bọ ṣòkòtò.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Houston
Ti mọ́tò ńkọ́? Ibẹ̀ ni àṣìṣe pọ̀ sí. Wọ́n á gbé ẹsẹ̀ kan wọlé kí ìdí tó tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ á wá là bí ẹni gun ẹṣin. Kẹ́yìn sí ìjókòó, fi ìdí jókòó ná, kí orúnkún méjèèjì wá lẹ̀ mọ́ra wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Tẹ́ ọ̀rá nylon sórí ìjókòó kí ìdí lè yí wẹ́rẹ́. Bí o bá ti jókòó tán, fà á yọ kí mọ́tò tó gbéra o, torí bí dírẹ́bà bá tẹ bíréèkì lójijì, ìwọ náà á yọ̀ lọ síwájú.

Ìbàdàn-ní-Dublin
Àtẹ̀gùn: ẹsẹ̀ tó sàn ló ń ṣáájú gòkè, ẹsẹ̀ tó ń dùn ló ń ṣáájú sọ̀kalẹ̀. Kí méjèèjì pàdé lórí ìgbésẹ̀ kan kó tó bọ́ sí òmíràn. Bí méjèèjì bá ń dùn bákan náà, jókòó, kẹ́yìn sókè, fi ìdí gùn ún. Kó gbogbo ohun tí o nílò fún ọjọ́ náà sínú báàgì ẹ̀yìn láàárọ̀ kí o má bàa máa gòkè sọ̀kalẹ̀ nítorí ṣájà fóònù. Báàgì èjìká kan, má gbé e rárá.

Bàbá Tósìn, Milton Keynes
Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ oògùn. Aboniki ńkọ́? Ìyàwó tó bá fi Aboniki ra ìdí, á sùn.

Nọ́ọ̀sì Salford
Bàbá Tósìn, ẹ ka ara agolo rẹ̀ kí ẹ tó bu ọwọ́ bọ̀ ọ́. Balm tí ẹ bá ti rí methyl salicylate lára rẹ̀, mọ̀lẹ́bí aspirin ni, kó bi onífámásì kó tó fi ra ara. Ibuprofen, rárá, àyàfi tí dókítà tó mọ̀ nípa oyún náà bá kọ ọ́ fún un. Paracetamol ni: 500mg 2 lẹ́ẹ̀kan, kó jẹ́ ó kéré tán wákàtí 4 láàárín, kó má ju 8 lọ nínú wákàtí 24. Bí kò bá tó 50kg, kó kọ́kọ́ béèrè. Òrí lásán kò burú, kí wọ́n fi ra ẹ̀yìn àti ìdí. Ohun tí mi ò fẹ́ ni àwọn tó ń fa itan aláboyún ya, tí wọ́n ní àwọn ń "tú eegun". Ohun tó ti dẹ̀ jù ni wọ́n tún ń dẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Peckham
Ó yá, ọ̀já ni kó mú wá. Ọ̀já tí a fi ń pọn ọmọ. Kó ká a, kó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, kó fi so ìbàdí. Kí ló fẹ́ lọ ra bẹ́líìtì fún?

Adùnní, Luton
Kó so ó gba orí ikùn kó lè gbé ikùn sókè, ìwúwo ikùn ló ń fa ìdí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Houston
Rárá o! Àṣìṣe tó ń ba owó jẹ́ nìyẹn gan-an. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń tà, orúkọ wọn ló jọra. Èyí tó gba abẹ́ ikùn tó tún lọ́ lọ sí òkè ẹ̀yìn, ikùn ló ń gbé, ẹ̀yìn ló wà fún. Èyí tí ó yẹ kó rà tín-ín-rín, ìbàdí ló ń fún pọ̀.

Adùnní, Luton
Ẹni tí kò tíì lóyún rí ló ń kọ́ wa.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Houston
Pelvic physio, oníṣẹ́ físíò ìbàdí, ni mí, Àǹtí Adùnní. Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀.

Fi ọwọ́ wá eegun tó yọ gẹ̀lẹ̀tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan lápá òkè, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Orí wọn ni bẹ́líìtì gbọ́dọ̀ gbà, kó sì kọjá lórí eegun abẹ́ níwájú. Bó bá ti gun òkè dé ìgbáròkó, ó ti di ọ̀ṣọ́. Kí o tó náwó rárá, dán an wò: dùbúlẹ̀, fi ìrọ̀rí gbé ẹ̀yìn sókè díẹ̀, gbé ẹsẹ̀ kan sókè ní títọ́, kó tó 20cm péré. Sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kí ọkọ wá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì fún ìbàdí pọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, kí o tún gbé e. Bó bá fúyẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, bẹ́líìtì á ràn ọ́ lọ́wọ́. Bó bá tún dùn sí i, má rà á.

Ìbàdí ni kí o wọ̀n, kì í ṣe ìdodo, kì í sì í ṣe nọ́ńbà aṣọ tí o ń wọ̀ kí o tó lóyún. Kí ìka méjì lè wọ abẹ́ rẹ̀. Wọ̀ ọ́ bí o bá ń dúró tàbí ń rìn, bọ́ ọ bí o bá dùbúlẹ̀. Ẹni tó bá fún un kì, tó wọ̀ ọ́ tọ̀sán-tòru, ẹ̀yìn ni ìrora á sá lọ, itan á tún máa kú.

Ìyá Ìbejì, Peckham
Gbogbo èyí, ọ̀já ń ṣe é.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Houston
Ọ̀já kì í nà kó tún padà. Bí o bá rin ìgbésẹ̀ bíi mélòó kan, á ti dẹ̀, kókó rẹ̀ á sì máa gún abẹ́ ikùn.

Nọ́ọ̀sì Salford
Ẹ̀yin méjèèjì lẹ gbà á. Nídìí iná, fún ogún ìṣẹ́jú, ọ̀já tó bá wà ní ojú ibi tí Ìjẹ̀bú ń wí yẹn kò burú, kí kókó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Láti fi ṣe shift, rárá. Àǹtí Adùnní, orí ikùn kọ́ o.

Adùnní, Luton
Mo ti gbọ́. Ẹ ò ní gbé mi lọ ilé ẹjọ́.

Ìyá Mofẹ́, Leeds
Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé kí n máa rìn àbí kí n má rìn? Mọ́mì tún ti pè.

Nọ́ọ̀sì Salford
Rìn, ṣùgbọ́n kékeré kékeré, ìgbésẹ̀ kúkúrú, kí o dúró kí ìrora tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti bẹ̀rẹ̀. Ìrora PGP máa ń pẹ́ kó tó gba owó rẹ̀: ohun tí o ṣe lọ́sàn-án, òru ló máa béèrè. Dídùbúlẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́ náà kò dáa, iṣan á rọ. Bí o bá lúwẹ̀ẹ́, má ta ẹsẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́. Má gbá ilẹ̀, má ti tírọ́lì tó kún, má gún iyán, má sì ro àmàlà tó pọ̀. Ro àmàlà yẹn wò: ẹsẹ̀ kan níwájú, ara lọ́, ọwọ́ ń tì. Jókòó já ẹ̀fọ́. Ọmọ tó wà nílẹ̀, má pọ̀n ọ́n, má gbé e sí ìbàdí, jókòó kó wá gun orí ẹsẹ̀ rẹ.

Kí o sì pe physio lónìí. Níbi púpọ̀ ní England, o lè fúnra rẹ forúkọ sílẹ̀. Bí kò bá sí, kí mídíwáìfù kọ ọ́. Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ gbọ́ èyí: bí wọ́n bá bi yín pé báwo ni, ẹ má dáhùn pé "a dúpẹ́". Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara yá. Sọ ohun tí o kò lè ṣe: "Mi ò lè yí lórí bẹ́ẹ̀dì. Mi ò lè rìn dé ilé ìwẹ̀ láì di ògiri mú." Èyí ló ń gbé èèyàn síwájú lórí ìlà.

Bàbá Tósìn, Milton Keynes
Ti iṣẹ́: kọ íméèlì sí mánéjà lónìí, má sọ ọ́ lẹ́nu. Sọ pé o fẹ́ risk assessment aláboyún (àyẹ̀wò ewu iṣẹ́) lórí ìwé. Kọ ohun tí kò ṣeé ṣe: kò sí lílo hoist (ẹ̀rọ tí a fi ń gbé aláìsàn) ní ìwọ nìkan, kò sí títi kẹ̀kẹ́ arọ, kò sí títẹ̀ nídìí bẹ́ẹ̀dì, àga gbọ́dọ̀ wà. Bí wọn ò bá lè tún iṣẹ́ náà ṣe, tí wọn ò sì ní iṣẹ́ mìíràn tó bá ọ mu, wọ́n gbọ́dọ̀ ní kí o lọ sinmi pẹ̀lú owó oṣù pípé. Ti agency ní àlàyé tirẹ̀. Physio náà lè fọwọ́ sí fit note (ìwé àìsàn fún ibi iṣẹ́) láti July 2022, kò dìgbà tí GP, dókítà àdúgbò, bá ráyè. Àmọ́ ṣọ́ra fún ọ̀sẹ̀ 4 tó ṣáájú ọ̀sẹ̀ ìbí. Bí o bá gba sick nítorí oyún nígbà yẹn, maternity leave ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, o fẹ́ o kọ̀.

Ìyá Mofẹ́, Leeds
Ẹ ṣé, sà. Agency ni èmi o. Màá béèrè àlàyé tiwọn lọ́wọ́ wọn.

Nọ́ọ̀sì Salford
Kí n tó gbàgbé: ti ìbí. Fi téèpù wọn ibi tí orúnkún méjèèjì lè yà dé kí ìrora tó bẹ̀rẹ̀, kí o dùbúlẹ̀ kí o tó wọ̀n ọ́n. Kọ iye cm náà sínú birth plan (ìwé ètò ìbí) gàdàgbà. Bí wọ́n bá fún ọ ní epidural, abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tó ń pa ìrora ìbí, o kò ní mọ̀ bí wọ́n ti ń ya ẹsẹ̀ rẹ kọjá ibẹ̀, ọ̀la ni wàá mọ̀. Fi ọwọ́ àti orúnkún kúnlẹ̀ bí, tàbí fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀ kí ẹnì kan gbé ẹsẹ̀ òkè dúró. Bó bá di dandan kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ kọ́, kí wọ́n gbé méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kó má sì pẹ́. PGP nìkan kì í ṣe ìdí láti ṣe iṣẹ́ abẹ o.

Ìyá Ìbejì, Peckham
Kó gba báàjì "Baby on Board" náà, ọ̀fẹ́ ni TfL, àjọ ọkọ̀ London, ń fún wa.

Nọ́ọ̀sì Salford
Leeds ló wà, Ìyá Ìbejì. Ẹ̀yin ará London, ẹ rò pé gbogbo Ìlú Ọba ń gun tube. Kí sì ni báàjì máa ṣe fún ẹni tí àtẹ̀gùn ń pa? Níbí, gbogbo ibùdó Metrolink, tíráàmù wa, ló ṣeé wọ̀ láì gun àtẹ̀gùn kankan.

Ìyá Ìbejì, Peckham
Elizabeth line àti DLR, ọkọ̀ ojú irin wa ní London, náà bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi tíráàmù yọ wá lẹ́nu.

Bàbá Tósìn, Milton Keynes
Leeds ò tiẹ̀ ní tíráàmù rárá 😂

Ìyá Mofẹ́, Leeds
Ẹ fi Leeds sílẹ̀ jọ̀ọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Houston
Ẹ wá Texas. Mọ́tò ló ń gbé wa dé ẹnu ọ̀nà ilé ìjẹun.

Ìbàdàn-ní-Dublin
Ẹ wá Texas, kí ẹ wá san owó físíò nínú àpò ara yín. Ẹ kọ́kọ́ pe insurance o.

Adùnní, Luton
Ká ní ilé ni, ìyá á ti gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ẹ. Àǹtí kan á wà ní kíṣìnì, ọmọ ìyá kan á ti mú ọmọ àkọ́kọ́ lọ. Níbí, ìwọ ni aláboyún, ìwọ náà ni ọmọ ọ̀dọ̀.

Ìyá Ìbejì, Peckham
Ìrẹsì 20kg pẹ̀lú ìdí tó ń dún. Olúwa ṣàánú wa.

Ìbàdàn-ní-Dublin
Èmi ò fẹ́ nǹkan míì, àmàlà láfún pẹ̀lú gbẹ̀gìrì, kí ẹlòmíràn rò ó.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Houston
Ìkọ́kọrẹ́ ni oúnjẹ aláboyún. Ewùrà wà ní Houston rẹpẹtẹ.

Ìyá Ìbejì, Peckham
Ewùrà Houston? Ẹ rin ín kó ki ná, ká tó gbà. Ti Rye Lane, ọjà wa ní Peckham, ń fà.

Ìbàdàn-ní-Dublin
Ìjẹ̀bú, ta ni yóò dúró rin ewùrà fún yín? Ẹ̀yin náà lẹ ní ká má dúró.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Houston
A máa ń jókòó rin ín. Orúnkún pọ̀, abọ́ lórí tábìlì 😂