Ẹni tí wọ́n ti àkáǹtì ìpolówó ẹ̀ pa rí, ẹ wá sọ bó ṣe jẹ́

Aláṣọ-Òkè Ìlọrin
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Inú ń bí mi, mi ò ní parọ́. Lọ́jọ́bọ̀ mo kírun àsùbáà tán, mo ní kí n wo iye èèyàn tó kọ̀wé sí wa mọ́jú torí ìpolówó fìlà tá a gbé síta fún Iléyá, ni mo rí ìlà pupa lókè fóònù pé Google ti dá àkáǹtì ìpolówó mi dúró. Wọn ò sọ nǹkan tí mo ṣe. Wọ́n kàn ní mò ń wá ọ̀nà láti yẹ òfin àwọn sílẹ̀. Òfin wo? Òfì ni mò ń tà! Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ahunṣọ mẹ́rin ló wà lẹ́yìnkùlé wa, òwú ti nà láti ìdí òfì dé ẹnu géètì, òkúta wà lórí ẹrù tó ń fà á le, àwọn ọmọ yẹn ń ju ọ̀kọ̀ sọ́tùn-ún sósì, wọ́n ń retí owó ọ̀sẹ̀. Kí ni kí n sọ fún wọn? Mo fi orúkọ ọkọ mi ṣí òmíràn, kò pé wákàtí méjì tí wọ́n fi ti ìyẹn náà. Ẹni tó bá ti la irú ẹ̀ kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ̀rọ̀.

Ọmọ Ọ̀fà
Pẹ̀lẹ́ o, Àǹtí. Ẹ má ṣí ẹ̀kẹta o!

Káfíńtà Táńkẹ̀
Ẹ gbọ́ tiẹ̀ o. Èmi ṣí márùn-ún, márààrún ni wọ́n tì. Ẹ rántí 2022 tí àwọn báǹkì já owó tí káàdì náírà lè ná sókè òkun wálẹ̀ sí 20 dọ́là lóṣù, tó tún yá tí ọ̀pọ̀ wọn ní àwọn ò ṣe é mọ́ rárá, ìgbà yẹn ni ọ̀rẹ́ mi kan yá mi ní káàdì dọ́là orí fóònù, mo fi ń sanwó ìpolówó bẹ́ẹ̀dì àti àga, kò sí wàhálà, àfi bí wọ́n ṣe ti àkáǹtì tiẹ̀ nítorí nǹkan tóun ń tà, ọ̀sẹ̀ kejì ẹ̀ wọ́n fà mí mọ́ ọn. Mo ní kí ló kàn mí? Ó pẹ́ kó tó yé mi pé kì í ṣe orúkọ nìkan ni wọ́n ń wò. Káàdì ni, nọ́ńbà fóònù, ímeèlì, wẹ́bsáìtì, àní fóònù téèyàn fi wọlé, wọ́n á sín gbogbo ẹ̀ sókùn kan bí ìlẹ̀kẹ̀. Gbogbo òmíràn tí mò ń ṣí, ńṣe ni mò ń fi ẹ̀sùn kún ẹ̀sùn. Àǹtí, káàdì ta lẹ̀ ń lò?

Aláṣọ-Òkè Ìlọrin
Ti àbúrò mi ọkùnrin ni.

Káfíńtà Táńkẹ̀
Àbúrò yín náà ti polówó nǹkan rí?

Aláṣọ-Òkè Ìlọrin
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é tán ni. Ó ní lọ́dún tó kọjá òun bá àwọn kan polówó tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, wọ́n sì ti tòun pa látìgbà náà. Kò sọ fún mi! Ọmọ ìyá mi o.

Ọmọ Ọ̀fà
Ọ̀rọ̀ ti yọjú. Tẹ́tẹ́ ò ṣeé polówó lọ́dọ̀ wọn láìgbàṣẹ.

Alágbo Òmù-Àrán
Tiyín tiẹ̀ sàn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti tèmi pa, àgbo jẹ̀díjẹ̀dí àti àgbo ìtọ̀ ṣúgà ni mò ń tà, bàbá mi ta á, bàbá bàbá mi ta á. Àwọn èèyàn yẹn kórìíra nǹkan ìbílẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ mi ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nọ́ọ̀sì Gáà-Àkàńbí
Bàbá, ẹ má bínú, kí lẹ kọ sórí ìpolówó náà gan-an?

Alágbo Òmù-Àrán
Mo kọ ọ́ pé ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà sàn láàárín ọjọ́ 14. Mo fi fọ́tò ẹsẹ̀ ẹnì kan sí i, bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ àti bó ṣe wá rí.

Nọ́ọ̀sì Gáà-Àkàńbí
Háà, Bàbá. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n gbé màmá kan wá lọ́jọ́ kan, irú ìpolówó báyìí ló rí lórí fóònù ọmọ ẹ̀ tó fi pa oògùn tì fún oṣù méjì gbáko. Èmi ni mo tú aṣọ tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ ẹ̀. Ìka méjì ti dúdú bí èédú, màmá yẹn ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ń dùn òun. Nígbẹ̀yìn wọ́n gé ẹsẹ̀ yẹn. Mi ò bá àgbo jà o, ìyá mi gan-an ń mu àgbo, àmọ́ "ó ń wò ó sàn" yẹn ni mi ò lè gbà. NAFDAC níbí náà ò gbà kéèyàn polówó egbòogi láìgbàṣẹ lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe òyìnbó nìkan.

Ìyá Oníwàrà
Subhanallah. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i.

Alágbo Òmù-Àrán
Èmi ò sọ pé kẹ́nikẹ́ni pa oògùn tì.

Nọ́ọ̀sì Gáà-Àkàńbí
Mo mọ̀ pé ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá. Nǹkan tí àwọn tó kà á gbọ́ nìyẹn.

Ará Ìsẹ́yìn
Ẹ jẹ́ kí n bi yín, ṣé wọ́n ṣì ń hun òfì ní Ìlọrin ni? Mo rò pé ọ̀dọ̀ wa lẹ ti ń wá rà á, tẹ́ ẹ wá ń tà á bíi tiyín.

Ọmọ Ọ̀fà
Ó ti dé!

Aláṣọ-Òkè Ìlọrin
Ẹ̀yin ará Ìsẹ́yìn yìí, ẹ má dá mi lágara o. Màmá màmá mi hun òfì ní Ìlọrin yìí kí wọ́n tó bí ìyá mi. Ẹtù, àlàárì, sányán, èwo ni a ò hun?

Ará Ìsẹ́yìn
Sányán òwú inú ilé kòkòrò, àbí òwú tó ń dán tí wọ́n ń rà lọ́jà?

Káfíńtà Táńkẹ̀
Ìsẹ́yìn náà ń lo òwú tó ń dán, ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀.

Ọ̀gá Aṣíkáǹtì
Àkáǹtì tó bá wù kó jẹ́, 45,000 péré, láàárín wákàtí 24 mo ti bá yín ṣí i. Ẹ kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀.

Ìyá Oníwàrà
Ẹ MÁ KỌ̀WÉ SÍ I O. Irú ẹ̀ gba 30,000 lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n fún òun ní password, mo fún un. Ó ní kóòdù kan máa wọlé sórí fóònù mi, kí n kà á fóun, mo wà lọ́jà níwájú ìkòkò, wàrà ń hó lórí iná, mo ń ka nọ́ńbà fólè. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, pèéjì mi tí mo fi ọdún mẹ́rin kọ́ ti ń ta jẹnẹrétọ̀ tí kò sí níbì kankan. Àwọn kọ́sítọ́mà mi ń sanwó fún un, wọ́n rò pé èmi ni! Títí dòní àwọn kan ò kí mi mọ́.

Ọmọ Ọ̀fà
Ẹ pẹ̀lẹ́ Màmá. @Ọ̀gá Aṣíkáǹtì, jáde níbí.

Atún-Wẹ́bsáìtì Taiwo
Ẹ tún wo wẹ́bsáìtì yín o, Àǹtí. Kọ́sítọ́mà mi kan ní Àjàṣẹ́-Ìpo, wọ́n ti àkáǹtì ẹ̀, wọ́n ní nǹkan tó lè ba kọ̀ǹpútà jẹ́ wà lórí wẹ́bsáìtì ẹ̀, ó ní irọ́ ni, nítorí bó bá ṣí i lórí kọ̀ǹpútà kò rí nǹkan kan. Èmi wá fi fóònù ṣí i, ló bá gbé mi lọ síbi tí wọ́n ti ń ta oògùn ọkùnrin. Àwọn kan ti gba inú plugin, ìyẹn ohun èlò kékeré tí wọ́n ń so mọ́ wẹ́bsáìtì, tí kò tíì tún ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ wọlé. Google Search Console, irinṣẹ́ Google tó ń yẹ wẹ́bsáìtì wò, ló fi ojú ibi tó wà hàn mí. A fọ̀ ọ́ mọ́, a pààrọ̀ gbogbo password, a kọ̀wé ẹ̀bẹ̀, a so fọ́tò ohun tá a yọ mọ́ ọn. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n ṣí i.

Aláṣọ-Òkè Ìlọrin
Kí lẹ kọ sínú ẹ̀bẹ̀ yẹn? Èmi kọ tèmi pẹ̀lú ìbínú, mo ní wọ́n ń fi ebi pa wá.

Atún-Wẹ́bsáìtì Taiwo
Ẹ yọ ìyẹn kúrò. Ẹ sọ òótọ́ nípa káàdì yẹn, ti ta ni, ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ ṣí èkejì lórúkọ ọkọ yín, wọ́n kúkú ti mọ̀. Ẹ fi ìwé CAC tẹ́ ẹ fi forúkọ iṣẹ́ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba sí i, kí orúkọ tó wà lórí ẹ̀ bá ti orí káàdì tuntun àti NIN yín mu dé orí lẹ́tà tó kẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀kan ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, kẹ́ ẹ má máa fi ránṣẹ́ lójoojúmọ́.

Alágbo Òmù-Àrán
Nọ́ọ̀sì, tí mo bá yọ fọ́tò ẹsẹ̀ yẹn àti "ó ń wò ó sàn" kúrò, kí ló kù tí mo lè kọ?

Nọ́ọ̀sì Gáà-Àkàńbí
Ẹ lọ gba nọ́ńbà NAFDAC ná, Bàbá, wọ́n á sọ ohun tẹ́ ẹ lè kọ fún yín. Ẹ kọ̀wé sí mi, máa bá yín ka fọ́ọ̀mù náà.

Aláṣọ-Òkè Ìlọrin
Ẹ̀yin èèyàn mi, ọjọ́ kẹsàn-án rèé, wọ́n ti ṣí tèmi láàárọ̀ yìí. Ti orúkọ ọkọ mi ṣì wà ní títì, mo sì ti fi sílẹ̀. Mo ti yọ káàdì àbúrò mi, bàbá ẹ̀ ti bá a wí. Láàárín ìgbà yẹn mo ń pe àwọn kọ́sítọ́mà àtijọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú ìwé jọ́tà mi, fìlà 26 ló tà bẹ́ẹ̀, a fi san owó ọ̀sẹ̀ àwọn ahunṣọ. Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á gbọ́ tiyín náà.

Ará Ìsẹ́yìn
Ẹ kú oríire. Fìlà ẹtù yẹn, eélòó ni?

Aláṣọ-Òkè Ìlọrin
Ẹ wá sí Ìlọrin wá fọwọ́ kàn án ná.