Re: Ẹ má pe atàtaré Tor ní agbódegbà

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa.

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ láti ọjọ́ Àìkú lórí orúkọ tí a ó fún àwọn kọ̀ǹpútà tó ń ta ọ̀rọ̀ látaré lórí Tor, ìyẹn ètò tí èèyàn ń gbà lo Íńtánẹ́ẹ̀tì láìjẹ́ kí wọ́n mọ ibi tó wà. Relay ni òyìnbó ń pe àwọn kọ̀ǹpútà náà. Ọ̀gá wa kan ní ká pè é ní agbódegbà. Wọ́n ní "òde" ni ìta, "gbà" ni kéèyàn gba nǹkan, pé kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́nu ọ̀nà àbájáde, ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń jáde kúrò nínú Tor, ìta náà ló kúkú dúró sí. Ẹni méjì ti kí wọn kú iṣẹ́. Èmi ò lè kí wọn, torí ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú.

Ta ni nínú wa ni kò mọ agbódegbà? Olè wọlé, òun dúró sóde, wọ́n na ẹrù sí i, ó gbà á. A kì í ro ọ̀rọ̀ pọ̀ bí ẹni ń ṣe ìṣirò ká tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ àlejò tó bá wá sọ́dọ̀ yín, ẹ pè é ní ọmọ ọ̀dọ̀, kí ẹ wo ohun tí ìyá rẹ̀ máa ṣe.

Ọ̀rọ̀ náà kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, torí mo ní ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà yìí. Sáfà tí mo háyà ní Netherlands ni, ẹnu ọ̀nà àbájáde ló sì wà. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń lo Tor máa ń gba ọwọ́ kọ̀ǹpútà mẹ́ta kọjá. Ti àkọ́kọ́ mọ ibi tó ti wá, kò mọ ibi tó ń lọ. Ti àárín ò mọ ìkankan. Ti ìkẹyìn mọ ibi tó ń lọ, kò mọ ẹni tó rán an. Ṣùgbọ́n àdírẹ́sì IP (nọ́ńbà tí a fi ń dá kọ̀ǹpútà mọ̀ lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì) ti ìkẹyìn yìí nìkan ni ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lára máa rí. Bí ẹnì kan níbi tí mi ò mọ̀ bá ń dán ọ̀rọ̀ aṣínà oníṣòwò kan wò léraléra, èmi ni wọ́n máa kọ̀wé sí.

Ọ̀pọ̀ ìwé náà, èèyàn kọ́ ló kọ ọ́. Ètò kọ̀ǹpútà bíi fail2ban, tó ń ṣọ́ ẹni tó bá ń fi ipá wọlé, ló ń kọ ọ́: ọjọ́, wákàtí, àdírẹ́sì, "ẹ dá a dúró". Ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ni sáfà ló máa kọ́kọ́ dé, wọ́n á taari rẹ̀ sí mi, wọ́n á ní kí n fèsì láàárín wákàtí 24. Bí mi ò bá tètè dá wọn lóhùn, wọ́n lè pa sáfà náà. Mo máa ń kọ ọ́ fún wọn pé Tor ni, pé kò sí àkọsílẹ̀ ẹni tó kọjá lọ́wọ́ mi, pé kí wọ́n lọ sí ExoneraTor, ìkànnì tó ń sọ bóyá àdírẹ́sì kan jẹ́ ti Tor ní ọjọ́ kan, kí wọ́n tẹ àdírẹ́sì náà àti ọjọ́ náà síbẹ̀, wọ́n á rí i pé òótọ́ ni mo sọ. Pọ́ọ̀tù 25, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí ímeèlì jìbìtì ń gbà, Tor fúnra rẹ̀ ti tì í láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Èmi tún ti àwọn tí BitTorrent, ètò tí àwọn èèyàn fi ń pín fíìmù láàárín ara wọn, ń gbà, torí ìwé àwọn onífíìmù Amẹ́ríkà kò jẹ́ kí n sinmi. Òfin tiwọn gan-an lórí ẹ̀tọ́ ẹni tó ni iṣẹ́, DMCA ti 1998, ya ẹni tí nǹkan kàn gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó gbé e pamọ́. Òfin òyìnbó mọ ìyàtọ̀ yẹn. Ṣé èdè Yorùbá ni kò ní mọ̀ ọ́n?

Bàbá wa kan ti fi òwe dáhùn: ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Òwe náà dára, kò kàn bá ọ̀rọ̀ yìí mu ni. Ẹni tó gba epo rí àjà, ó rí epo, ó rí ojú ẹni tó nà án sí i. Mímọ̀ tó mọ̀ ni òwe fi dá a lẹ́bi. Bàbá mi ṣe ògbufọ̀ ní kóòtù májísíréètì n'Ìbàdàn títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Abala 427 nínú ìwé òfin ọ̀daràn sọ pé ẹni tó gba ẹrù olè gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹrù olè ni kó tó jẹ̀bi. Bàbá kì í pe ẹnikẹ́ni ní agbódegbà níwájú adájọ́ kí wọ́n tó dá a lẹ́bi. "Ẹni tí wọ́n ní ó gba ẹrù" ni wọ́n máa ń wí, wọ́n á sì fa "wọ́n ní" yẹn kí gbogbo kóòtù lè gbọ́ ọ. Àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu wọn báyẹn ń tán lọ.

Ìyá wa tó ń kọ́ni ní Ìlọrin mú alábàárù wá. Mo fẹ́ràn rẹ̀, nítorí alábàárù Bódìjà kì í tú ẹrù wò. Àmọ́ alábàárù mọ ojú ẹni tó ni ẹrù, wọ́n jọ máa ń rìn dé ìdí mọ́tò ni. Atàtaré ni mo fara mọ́.

Ẹni tó kọ ọ́ ní "àtàtaré" lánàá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àmì ìsàlẹ̀ yẹn kúrò lórí a àkọ́kọ́. A olóhùn àárín ni ti olùṣe: apẹja, akọrin, adájọ́. À olóhùn ìsàlẹ̀ ni ti ohun tí a ṣe: àkọsílẹ̀, àfipamọ́. Àtàtaré á jẹ́ ọ̀rọ̀ tó kọjá. Atàtaré ni ẹni tó ta á síwájú. Orí àmì kékeré yẹn gan-an ni ẹjọ́ wa wà, torí ẹrù ni àwọn tó ń kọ̀wé sí mi ń pe ẹni tó gbé e. Ẹni tó sì ní a- yìí kò tọ́ sí ẹ̀rọ, ṣé èèyàn ni amúlétutù?

Lórí "ọ̀nà àlùbọ́sà" tí ẹ fẹ́ fi pe ọ̀nà tí Tor ń gbà ṣiṣẹ́, èyí tí òyìnbó ń pè ní onion routing, mi ò ní bá yín jà lónìí. Lóòótọ́, ọ̀dọ̀ Lárúbáwá ni àlùbọ́sà ti gba ilẹ̀ Haúsá wọlé. Ọ̀dọ̀ wọn náà ni àdúrà ti wá, kò sì sẹ́ni tó kọ̀ ọ́. Àwọn ará Jámánì kan tó ń gba owó ìrànwọ́ jọ fún irú iṣẹ́ yìí pe ẹgbẹ́ wọn ní Zwiebelfreunde, ọ̀rẹ́ àlùbọ́sà. Ní oṣù Kẹfà 2018 ọlọ́pàá tú ilé àwọn aṣáájú wọn, wọ́n kó kọ̀ǹpútà wọn lọ lórí ohun tí ẹlòmíì kọ. Ilé-ẹjọ́ ní Munich sọ lẹ́yìn náà pé kò bófin mu. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ orúkọ yìí kì í ṣe eré.

Ohun tí mo fẹ́ gbé sójú ewé tí ẹni tó bá tẹ àdírẹ́sì sáfà mi máa bá pàdé nìyí:

"Ẹ̀rọ tí ẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ yìí, atàtaré Tor ni. Ohun tó ń yọjú láti ibí, àwọn ẹlòmíì ló rán an. A kì í ṣí i wò, a ò sì ní àkọsílẹ̀ ẹni tó kọjá. Bí ẹ bá ní ẹ̀sùn ìlòkulò, ẹ kọ̀wé sí wa, a ó fèsì."

"Yọjú" kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn, ó jọ ẹni tó ń yọ́ nǹkan wò. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù ú lọ kó mú un wá kó tó di ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ yẹn ni mo máa gbé e jáde. Ọ̀gá tó mú agbódegbà wá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àgbà ni yín, ṣùgbọ́n mi ò ní kọ ọ́ sára ilé mi.