Gígé trunking oníke pẹ̀lú ayùn oníná kí etí rẹ̀ má baà ya

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin oníṣẹ́ iná. Ohun méjì ló ń ba etí trunking (ọ̀pá ike oníhò tó ní ọmọrí, tí wáyà ń gbà kọjá lára ògiri) jẹ́ lẹ́nu ayùn oníná: ooru àti gbígbọ̀n. PVC, ìyẹn ike tí a fi ṣe é, máa ń rọ̀ ní nǹkan bí 80°C, bíléèdì tó bá kàn ń fi ara gbo ó láìgé e kì í pẹ́ débẹ̀. Ike tó yọ́ á tún lẹ̀ mọ́ ojú ibi tí a gé, á le gan-an, ọmọrí kò sì ní jókòó mọ́. Ti gbígbọ̀n ni pé ẹ̀gbẹ́ trunking tinrin. Bí kò bá rí ohun fẹ̀yìn tì, á máa jó lábẹ́ eyín ayùn títí táá fi sán.

Nítorí náà, ẹ dè é mọ́lẹ̀ dáadáa kí ẹ tó máa wá bíléèdì olówó ńlá. Ẹ wọn inú trunking, ẹ gé igi tó máa há síbẹ̀ gẹ́lẹ́, ẹ tì í bọ inú rẹ̀ títí yóò fi kọjá ibi tí ẹ sàmì sí, kí ayùn gé igi àti ike pọ̀. Ẹ tún fi pátákó plywood tinrin sẹ́yìn, láàárín trunking àti irin ara ayùn tí trunking ń fẹ̀yìn tì. Ẹnu tí ayùn bá là sára plywood yẹn ni ẹ ó máa fi àmì yín bá dọ́gba.

*

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ bíléèdì kún un. Fún chop saw (ayùn orí tábìlì tí a ń fà wálẹ̀ gé nǹkan) tí bíléèdì rẹ̀ jẹ́ 254 mm, eyín 80 ló dáa, kí eyín náà fà sẹ́yìn díẹ̀, nǹkan bíi dígírì 5. Bíléèdì igi eléyín 24 tí eyín rẹ̀ dà síwájú á já trunking gbà lọ́wọ́ yín, á sì fọ́ igun rẹ̀.

Ṣùgbọ́n eyín púpọ̀ náà ní ewu tiẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Bí ẹ bá ń fà á wálẹ̀ jẹ́jẹ́ jù, eyín kọ̀ọ̀kan kò ní rí nǹkan gé, gbígbo ni yóò máa gbo ó, ooru á sì dé. Ẹ wo ohun tó ń jáde: tó bá jẹ́ èérún gbígbẹ, ó dára, tó bá ń fà bí okùn, ẹ yára sí i díẹ̀, tàbí kí ẹ yẹ bíléèdì wò bóyá ó ti kú. Ẹ jẹ́ kó yí dé góńgó eré rẹ̀ kó tó kan ike. Tó bá ti gé e tán, ẹ tú ọwọ́ lórí bọ́tìnnì, kó dúró pátápátá nísàlẹ̀ kí ẹ tó gbé e sókè.

Àwọn kan máa ń dojú bíléèdì kọ ẹ̀yìn. Ẹ má ṣe é pẹ̀lú eyín carbide (ohun líle tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu bíléèdì): wọn kò ṣe é láti gba ìkọlù láti ẹ̀yìn, ó lè bọ́ kó fò síni lójú.

*

Igun ògiri kì í sábà pé dígírì 90. Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ yọ iye náà kúrò nínú 180, ẹ pín èyí tó kù sí méjì. Igun 92 á gba 44 lórí ayùn, igun 88 á gba 46. Ẹ dán an wò lára àjákù ná. Níbi tó bá lọ tààrà, ẹ gé ọmọrí lọ́tọ̀, kí oríkèé ọmọrí má bọ́ sórí oríkèé ìsàlẹ̀.

Ẹ má fi ọwọ́ di trunking tó kúrú mú. Láti ara ọ̀pá gígùn ni kí ẹ ti gé e, kí ọwọ́ jìnnà sí bíléèdì tó 150 mm. Awò ojú pọn dandan.

*

Ẹni tó bá ń lo jigsaw (ayùn ọwọ́ tí bíléèdì rẹ̀ ń lọ sókè sódò), kó fi bọ́tìnnì orbital (èyí tó ń mú bíléèdì jù síwá sẹ́yìn) sí 0, kó lo bíléèdì eléyín wẹ́wẹ́, kó dín eré rẹ̀ kù. Òkè ni eyín rẹ̀ sábà máa ń kọjú sí, òkè náà ló sì ń ya. Nítorí náà ẹ gé e láti ẹ̀yìn, kí ojú tó máa hàn wà nísàlẹ̀, kí ẹ sì lẹ téèpù mọ́ ojú ilà.

Gíráńdà kọ́ o. Òkúta rẹ̀ kì í gé PVC, ńṣe ló ń sun ún, èéfín ike tó bá jóná sì ní ásíìdì nínú, ó ń ta ojú àti ọ̀nà ọ̀fun.

Tí trunking bá ti wà lára ògiri, ẹ pa iná, ẹ fi tẹ́sítà yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ kó wáyà jáde kí ayùn kankan tó kàn án.

*

Ẹ̀yin ará, ẹ fi ọ̀bẹ tàbí sáńpépà ha gbogbo etí tí ẹ bá gé, títí kan inú, torí etí mímú lè bó ara wáyà nígbà tí ẹ bá ń fà á. Ẹ sì fi àlàfo sílẹ̀ fún ooru ọjọ́: ọ̀pá 3 m lè gùn sí i tó 4 mm bí ooru bá fi 20°C lé sí i. Ẹni tó bá gé e há pinpin lówùúrọ̀, ọmọrí á wú sókè lọ́sàn-án.