Àbọ̀ ìròyìn lórí oúnjẹ tí mo ń ṣọ́

Ẹ̀yin ará mi, mo ní kí n wá jábọ̀. Ẹ rántí pé mo bèèrè níbí pé kí ló dé tí oúnjẹ tí mo ń ṣọ́ láti fi dín ara kù kì í kọjá Ọjọ́rú. Mo rò pé wọ̀bìà lásán ni mí. Ẹnìkan nínú yín wá ní kí n fi ọ̀sẹ̀ kan kọ ibi tí mo ti ń jẹun sílẹ̀, kì í ṣe ohun tí mo jẹ. Ẹ ṣeun o, ìyẹn ló tú àṣírí.

Ìyá oní-puff-puff ẹnu géètì ọ́fíìsì ni, àti páálí bisikíìtì tí ọ̀gá wa ń gbé sórí tábìlì tó kọjú sí mi. Ebi ò pa mí, ọwọ́ mi á kàn lọ síbẹ̀ ni! Mo bẹ ọ̀gá, wọ́n gbé páálí náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo ń gbà wọlé báyìí. (Ìyá náà ti bèèrè pé ṣé mo ń bá òun jà ni.)

Nílé, ìkòkò ọbẹ̀ kì í dé orí tábìlì mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bù sí i á dìde. Bàbá Tọ́pẹ́ ò gbà kí mínírà kúrò nínú fíríìjì, mi ò bá wọn fà á.

Àríyá ọjọ́ Sátidé nìkan ni apá mi ò tíì ká. Ta ló fẹ́ kọ ìrẹsì lójú ẹbí ọkọ?

Oṣù 3, kílò 4 ti lọ. Mo pa ọ̀rọ̀ yìí dé.